Pálọ̀ Tí Sìdíkàt Fi Ẹ̀mí Àbúrò Rẹ̀ Tún Ṣe

Sìdíkàt ló ní kí n bá òun kọ ọ́ síbí. Ó ní kí n má bo ohunkóhun mọ́lẹ̀, kí n má sì wá àwíjàre kankan fún òun.

"Sọ fún wọn pé mo mọ̀," ló wí. "Ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, Sìdíkàt mọ̀.

Peckham ni òun àti Làtíìfù ọkọ rẹ̀ ń gbé, nínú ilé kan tí council, ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀, kọ́ lọ́dún 1961, tí àwọn méjèèjì wá rà nígbà tó yá. Làtíìfù ń wa bọ́ọ̀sì. Sìdíkàt ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn. Ọmọ kan ló kù lọ́dọ̀ wọn, Yusrah, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.

Sìdíkàt tún ní àbúrò kan, Wándé, tó ń gbé ní Walworth pẹ̀lú Nusaybah ìyàwó rẹ̀ àti ọmọkùnrin wọn tí kò tíì pé ọdún kan nígbà náà. Ọmọ ọdún méje ni Wándé nígbà tí ìyá wọn kú l'Óṣogbo. Sìdíkàt jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún nígbà náà. Òun ló gbé e pọ̀n, òun ló fi sílé ìwé, òun ló sì mú un wá sí London. Tí Sìdíkàt bá ní kí Wándé jókòó, Wándé kì í bojú wẹ̀yìn bóyá àga wà níbẹ̀.

Ohun tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kéré. Sìdíkàt wà nínú ẹgbẹ́ àsàláátù kan, àwọn obìnrin mẹ́sàn-án tó máa ń pàdé nílé ara wọn ní Sọ́ńdè kan lóṣù, kí wọ́n ṣàdúà, kí wọ́n sì jẹun pọ̀. Nígbà tó kàn án lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, àga wọn tò mọ́ ògiri yíká bíi ti ọsibítù, kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan sì dúró gbagidi láàárín pálọ̀ àti ibi ìjẹun, ó dínà mọ́ ìmọ́lẹ̀. Mummy Waris, tó dàgbà jù láàárín wọn, wò yíká, ó ní:

"Sìdí, ṣé dókítà ti dé? Ó jọ pé èmi ló kàn."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Sìdíkàt náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wọ ilé ìdáná lọ, ó ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, tó bá ti kàn án, á ní ara òun ò yá, tàbí pé òun ní shift.

Lọ́dún tó kọjá ló wá rí fídíò obìnrin kan lórí fóònù, tó ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń tún irú ilé àtijọ́ bíi tiwọn ṣe. Obìnrin náà ní àwọn tó kọ́ wọn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Fèrèsé fẹ̀ kí oòrùn lè wọlé. Ẹ jẹ́ kó wọlé. Ẹ kó ẹrù tó pọ̀ kúrò. Ẹ ra àga tí ò ga, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kí èèyàn lè rí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ lo igi, ẹ lo àwọ̀ ewé àti àwọ̀ èèpo ẹ̀pà. Ẹ fi àtùpà kékeré sí igun, kí ẹ yé tan iná orí àjà. Àlejò tó bá wọlé, ara rẹ̀ á balẹ̀.

Ara tó balẹ̀! Ṣé ẹ mọ ohun tí gbólóhùn yẹn jẹ́ sí ẹni tó ń fi ojoojúmọ́ gbé àgbàlagbà dìde látinú ìtọ̀, tó ń gbọ́ igbe àti èébú láti àárọ̀? Inú bọ́ọ̀sì ló ti máa ń wo fídíò náà. Á wò ó tán, á tún un wò.

"Bàbá Yusrah, kọ́bọ́ọ̀dù àárín yẹn la máa kọ́kọ́ yọ," ló sọ fún ọkọ rẹ̀.

"Ṣe bó o bá ṣe fẹ́," ni Làtíìfù dáhùn. "Ṣùgbọ́n tó bá ti fẹ́ di wàhálà, fi í sílẹ̀. Èmi ti mọ́ ọn lára."

Inú kọ́bọ́ọ̀dù náà ni hítà àtijọ́ wà, èyí tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Pákó aláwọ̀ eérú kan tó dà bíi páálí líle ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀. Sìdíkàt pe káfíńtà kan, Shiloh, ọmọ Sẹ̀lẹ́ tí wọ́n bí sí Peckham níbí. Shiloh fi ìka kan pákó náà, ó sì fà sẹ́yìn.

"Aunty, I'm not touching that o. Ilé old báyìí, asbestos lè wà nínú board yẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n test ẹ̀ first."

"Asbestos kẹ̀? Ṣebí òun la fi ṣe síìlì nílé?"

"Aunty, nílé yẹn náà, it's not good. Tí ẹ bá fọ́ ọ, dust ẹ̀ máa wọ lungs yín. Ẹ test ẹ̀, please."

Ó mú kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ọkùnrin kan wá, ó bu díẹ̀ lára pákó náà sínú ọ̀rá, ó lọ. Kò tíì ju ọjọ́ mẹ́rin lọ tí èsì fi dé sórí fóònù Sìdíkàt. Ibi iṣẹ́ ló wà, ó ń dúró de omi gbígbóná tó fẹ́ fi po tíì fún ìyá arúgbó kan.

Asbestos wà nínú rẹ̀. Irú èyí tó burú ni. Wọ́n kọ ọ́ kedere: ẹ má gbẹ́ ẹ, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má gbá eruku rẹ̀. Àwọn tó ní ìwé àṣẹ nìkan ló gbọ́dọ̀ yọ ọ́.

Ó ka gbólóhùn eruku yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí n kọ iye ìgbà náà sílẹ̀, torí kò lè sọ láéláé pé òun kò rí i.

Ó pe àwọn tó ní ìwé àṣẹ. Wọ́n ní ó di ọ̀sẹ̀ méje kí àyè tó yọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí àsàláátù kàn án. Ó sì ti fẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí, lójú gbogbo wọn, pé lọ́tẹ̀ yìí ẹ máa rí nǹkan.

Omi hó, ẹ̀rọ tó ń sè é pa iná ara rẹ̀. Sìdíkàt ṣì dúró síbẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé: ṣebí abẹ́ síìlì asbestos lẹ dàgbà sí l'Óṣogbo, kí ló pa yín? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò fi hámà fọ́ síìlì náà sí wọn lójú. Ó mọ ìyẹn náà.

Ó pa íméèlì náà rẹ́.

"Kí ni wọ́n wí nípa pákó yẹn?" ni Làtíìfù bi í lálẹ́ ọjọ́ náà.

"Wọ́n ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Alhamdulillah," ni Làtíìfù wí, ó sì ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó pe Wándé.

"Wándé mi, mo fẹ́ kó o bá mi wó nǹkan kékeré kan ní Sátidé."

"Kò burú, ẹ̀gbọ́n mi. Káfíńtà yẹn ńkọ́?"

"Ọwọ́ rẹ̀ dí."

"Ṣé ó le? Ṣé kí n mú nǹkan kan dání?"

Ìbòmú ló yẹ kó dárúkọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n tó bá ní kó mú ìbòmú dání, Wándé á béèrè ìdí.

"Hámà nìkan," ló dá a lóhùn.

Ẹ gbọ́ ohun tó wá ṣe ní Sátidé náà, torí òun ló ń bà á nínú jẹ́ jù. Làtíìfù ti lọ síbi iṣẹ́. Sìdíkàt jí Yusrah ní kùtùkùtù, ó ní kó palẹ̀ mọ́, kó lọ sùn sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Nunhead, kó má padà títí di Sọ́ńdè. Òun fúnra rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún Wándé, ó fi ibi kọ́bọ́ọ̀dù náà hàn án, ó sì jáde síta pé òun fẹ́ ra ọ̀dà.

Kò lọ ra ọ̀dà kankan. Ó rìn títí dé Peckham Rye, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú òtútù oṣù Fẹ́búárì, ó ń wo àwọn tó ń fi ajá rìn. Nígbà tí kò lè jókòó mọ́, ó padà. Ó dúró síta níwájú fèrèsé ńlá rẹ̀.

Wándé ń fọ́ pákó náà, ó ń fi ẹsẹ̀ kán an wẹ́wẹ́ kó lè wọ inú àpò dúdú. Eruku bò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ bí ẹni tó ń lọ èlùbọ́. Ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú fèrèsé, ó rẹ́rìn-ín, ó juwọ́ sí i.

Sìdíkàt ya ẹnu pé kó dúró. Tó bá ní kó dúró, ó gbọ́dọ̀ sọ ìdí, kó sì sọ ìgbà tó ti mọ̀. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Òun náà juwọ́ padà.

Wándé mú ìgbálẹ̀, ó gbálẹ̀ láì wọ́n omi sí i, ó gbá a dáadáa bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe kọ́ ọ ní kékeré. Ó to àwọn àpò náà sẹ́yìnkùlé. Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé pẹ̀lú aṣọ ara rẹ̀.

Nusaybah pè é lọ́jọ́ kejì, ó ń ṣàwàdà.

"Àǹtí mi, irú eruku wo lẹ fi ọkọ mi sí lánàá? Bó ṣe wọlé báyìí ló gbé ọmọ mọ́ra, àwọn méjèèjì funfun bí iwin. Mo gbọn aṣọ ẹ̀ ní balcony, ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́."

"Ìyàwó mi, má gbọn ọ́n mọ́," ni Sìdíkàt sọ kó tó mọ̀. "Da aṣọ yẹn nù."

"Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan. Simẹ́ńtì àtijọ́ lásán ni. Ó máa ń ba ẹ̀rọ ìfọṣọ jẹ́."

Láti ọjọ́ náà, kò tún wo fídíò ilé mọ́. Àìsàn ló ń wá lórí fóònù. Ó kà á pé ó lè gba ogún ọdún, ó lè gba ogójì, kí ó tó yọjú nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó kà nípa àwọn obìnrin tí kò ṣe iṣẹ́ náà rí láyé wọn, aṣọ ọkọ wọn ni wọ́n ń fọ̀. Bọ́ọ̀sì gbé e kọjá ibi tó ń lọ.

Síbẹ̀ ó ń tún ilé ṣe. Kí ni ì bá ṣe? Shiloh padà wá kan ṣẹ́ẹ̀fù, ó bi í bóyá àwọn tó ní ìwé àṣẹ ló yọ kọ́bọ́ọ̀dù náà, Sìdíkàt ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó kun ògiri ní àwọ̀ ewé. Ó ra sófà tí ò ga, ẹlẹ́sẹ̀ igi. Ó tẹ́ rọ́ọ̀gì tó nípọn sílẹ̀. Ó gbé àtùpà sí igun méjì. Lójoojúmọ́ ló ń fi aṣọ tútù nu ilẹ̀, ó tún ń nu ògiri, títí ìka rẹ̀ fi bó.

Oòrùn wọlé. Ó la pálọ̀ kọjá dé ibi ìjẹun, ó tẹ́ sórí ilẹ̀ bí ẹní tuntun. Làtíìfù dé láti ibi iṣẹ́, ó bọ́ bàtà, ó jókòó, ó mí kanlẹ̀.

"Sìdí, ṣé ilé wa rèé? Mi ò mọ̀ pé ó lè rí báyìí. Ara mi balẹ̀ ni."

Ó ń mí sókè, ó ń mí sílẹ̀. Sìdíkàt sáré lọ ṣí fèrèsé.

"Nínú òtútù yìí?"

"Òórùn ọ̀dà ni," ló wí.

Ọjọ́ àsàláátù pé. Àwọn obìnrin náà wọlé, ẹnu yà wọ́n. Mummy Waris dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀, ó jókòó sórí sófà, ó fọwọ́ ra igi apá rẹ̀.

"Sìdí," ló wí, "ilé yìí ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. O ṣe é."

Wọ́n ṣàdúà. Làtíìfù àti Wándé wà ní ilé ìdáná, wọ́n ń bu oúnjẹ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nusaybah gbé ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lórí rọ́ọ̀gì, ọmọ náà ń rákò káàkiri, ó ń fi ẹnu kó irun rọ́ọ̀gì.

Ìgbà náà ni Rahmah, ọ̀kan lára àwọn obìnrin náà, sọ̀rọ̀. Irú ilé kan náà ni Rahmah ń gbé, ní òpópónà kejì sí wọn. Kò ní èrò ibi kankan lọ́kàn.

"Àǹtí Sìdí, ẹ̀yin náà ti yọ kọ́bọ́ọ̀dù hítà yín! Àwọn wo ló bá yín yọ ọ́? Tiwa, asbestos ló wà nínú ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi lé wa jáde. Àwọn tó ṣe é, aṣọ funfun ni wọ́n wọ̀ bo orí, wọ́n fi ọ̀rá dí gbogbo ilé pa."

Wándé ń bọ̀ pẹ̀lú tíréè oúnjẹ. Ó dúró.

"Èmi ni mo yọ ọ́," ló wí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Tiwọn ò ní asbestos. Àbí, ẹ̀gbọ́n mi?"



"Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò," ni Làtíìfù sọ lẹ́yìn Wándé. "Wọ́n ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Sìdí, ṣebí ohun tó o sọ fún mi nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Sìdíkàt wí. Ohùn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí Mummy Waris fi gbójú sókè wò ó.

Nusaybah ló rántí. Ó yíjú sí i díẹ̀díẹ̀.

"Àǹtí, ẹ ní kí n da aṣọ ẹ̀ nù. Simẹ́ńtì máa ń ba ẹ̀rọ jẹ́, lẹ wí." Ó wo Yusrah. "Yusrah, níbo lo wà ní Sátidé tí uncle ẹ ṣiṣẹ́ níbí?"

Yusrah ń pín omi. Kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

"Nunhead. Mummy ní kí n lọ sleep over. She said I shouldn't come back till Sunday."

Nusaybah fò dìde, ó já ọmọ rẹ̀ gbà lórí rọ́ọ̀gì bí ẹni pé iná ló jókòó lé.

"Ẹ kó ọmọ yín kúrò," ló wí. "Ẹ kó ọmọ tiyín kúrò, ẹ wá fi ọkọ mi síbẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Wándé wí. "Ṣé ẹ mọ̀?"

Sìdíkàt wo ojú rẹ̀. Ojú ọmọ ọdún méje nì ló rí.

"Mo mọ̀."

Wándé rọra gbé tíréè náà sílẹ̀, ó rí i dájú pé kò dà. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, kó tó gbé e mọ́ra ó dúró, ó wo ẹ̀wù ara rẹ̀, ó dá a padà fún un. Ó jáde. Nusaybah tẹ̀ lé e.

Ẹnikẹ́ni ò jẹun. Wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wá bàtà wọn. Mummy Waris ló jáde kẹ́yìn. Omi wà lójú rẹ̀.

"Sìdí, ṣé torí ọ̀rọ̀ ẹnu mi ọjọ́sí ni? Àwàdà ni mo ṣe o. Àwàdà lásán ni."

Làtíìfù ò pariwo. Ó fi fóònù pe àwọn tó ní ìwé àṣẹ fúnra rẹ̀, ó sọ òtítọ́ fún wọn, wọ́n ní ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni, wọ́n sì wá lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní kí gbogbo wọn jáde. Ilé ojúlùmọ̀ kan ni wọ́n sùn sí fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Wọ́n gbé sófà lọ, wọ́n ká rọ́ọ̀gì, wọ́n já kọ́tìnì, wọ́n fi ọ̀rá di gbogbo rẹ̀ bí ẹni di òkú. Nígbà tí wọ́n padà wọlé, ògiri aláwọ̀ ewé àti ilẹ̀ lásán ni wọ́n bá.

Níbẹ̀ ni Làtíìfù ti sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó bá a sọ nípa rẹ̀:

"Ọmọ tí o gbé pọ̀n lo ṣe èyí fún. Mo wá ń ronú ohun tí o máa ṣe fún èmi, lọ́jọ́ tí mo bá dínà mọ́ ọ."

Dókítà kọ ọ̀rọ̀ eruku náà sínú fáìlì Wándé, àti ti Nusaybah, àti ti ọmọ náà. Ó ní kò sí àyẹ̀wò kan tó lè sọ ohunkóhun lónìí. Ó ní ọ̀pọ̀ ẹni tó fa eruku náà símú lẹ́ẹ̀kan péré, nǹkan kan kì í ṣe wọ́n. Nusaybah bi í bóyá ó lè fi ìyẹn búra. Dókítà ní òun kò lè fi búra.

Oṣù méjì gbáko ni Wándé ò gbé fóònù. Gbogbo Sọ́ńdè ni Sìdíkàt ń gun àtẹ̀gùn lọ sílé wọn ní Walworth, á kanlẹ̀kùn, á dúró. Nígbà mìíràn Nusaybah á sọ látinú ilé pé, "Àǹtí, ẹ máa lọ." Á kúnlẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, á sì lọ.

Ní Sọ́ńdè kẹsàn-án, Wándé ṣílẹ̀kùn. Kò ní kó wọlé.

"Wándé, dárí jì mí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ mọ̀ pé tí ẹ bá sọ fún mi, mo lè tún ṣe é fún yín? Òmùgọ̀ ni mí lórí ọ̀rọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ǹ bá wọ ìbòmú. Ǹ bá bọ́ aṣọ síta. Ǹ kì bá tí gbé ọmọ mi mọ́ra. Ìyẹn lẹ gbà lọ́wọ́ mi."

Sìdíkàt fi orí lé férémù ilẹ̀kùn, ó sunkún.

"Kí ni kí n ṣe? Sọ fún mi. Ohunkóhun tó o bá ní kí n ṣe."

"Mo fẹ́ dárí jì yín," ni Wándé wí. "Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ dárí ẹ̀ jì ni. Ẹ padà wá bi mí lọ́gbọ̀n ọdún sí i."

Wándé á jẹ́ ẹni àádọ́rin ọdún nígbà náà. Sìdíkàt á jẹ́ mọ́kànlélọ́gọ́rin.

Ìtàn tó ní kí n sọ fún yín nìyẹn. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá ń ka èyí, tó ń kánjú kí àlejò lè yìn ín, kó béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ ta ni òun ń kó kúrò nínú eruku, ta sì ni òun ń fi sílẹ̀ síbẹ̀.

Mo bi í bí nǹkan ṣe rí báyìí. Ó ní òun ṣì ń lọ ní gbogbo Sọ́ńdè. Wọ́n ti ń jẹ́ kí òun wọlé. Nusaybah máa ń gbé omi wá, kì í sì í sọ̀rọ̀. Ọmọ náà ti ń rìn, ó ti ń sáré kiri ilé, ó ti mọ orúkọ rẹ̀.

"Ó ń ṣeré, a ń wò ó, àwa náà á fẹ́ rẹ́rìn-ín," ni Sìdíkàt wí fún mi. "Tó bá wúkọ́ báyìí, gbogbo wa á dákẹ́."